Òfin Ti Ṣí Ibodè fún Oúnjẹ: Ẹ Jẹ́ Ká Dìde Gba Ẹ̀tọ́ Wa

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà, ẹ̀yin awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Ìdìrọ̀kọ́ àti Sẹ́mẹ̀, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ní Ìmẹ̀kọ àti Kétu, ní Ṣakí àti Sábẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí gbogbo wa gbọ́dọ̀ jọ gbé. Láti ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti fẹnu kò pé ohun ọ̀gbìn àti ohun ọ̀sìn tó bá ti inú agbègbè wa wá, tí a kò tíì fi ẹ̀rọ yí padà, gbọ́dọ̀ máa kọjá ibodè láìsan owó ibodè kankan. Àgbàdo wà níbẹ̀, iṣu wà níbẹ̀, tòmátò, àlùbọ́sà, ẹ̀wà, ewúrẹ́ àti màlúù náà wà níbẹ̀. Òfin náà kò tilẹ̀ béèrè ìwé ẹ̀rí orírun ọjà lọ́wọ́ ẹni tó gbé wọn. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí òfin yìí ti wà, síbẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn tí a tìtorí wọn ṣe é kò tíì jẹ àǹfààní rẹ̀ rí.

Ẹ wo ìyá kan tó ra àgbàdo àti tòmátò ní agbègbè Kétu, tó fẹ́ gba Ìlárá àti Ìmẹ̀kọ kó ọjà rẹ̀ dé Abẹ́òkúta. Kò jí ẹrù, kò sì gbé e pamọ́. Síbẹ̀, ọkọ̀ tó gbé e kò tíì rìn jìnnà tí wọ́n ti na okùn dí ọ̀nà. Aṣọ́bodè gba tirẹ̀, ìmígíréṣọ̀n gba tirẹ̀, ọlọ́pàá gba tirẹ̀, àwọn tó ní àwọn ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò náà gba tiwọn. Kò sẹ́ni tó fún un ní rìsíìtì. Bó bá bi wọ́n léèrè òfin tó ní kó san án, wọ́n á ní kó já gbogbo ẹrù sílẹ̀ kí àwọn lè yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Tòmátò kò sì lè dúró de ẹjọ́. Bí apẹ̀rẹ̀ bá jókòó sínú oòrùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, èyí tó wà nísàlẹ̀ á ti fọ́, omi rẹ̀ á máa ro sílẹ̀, eṣinṣin á ti bò ó. Ìyá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tó dá a dúró náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń sanwó. Nígbà tó bá dé ọjà Kútọ̀, gbogbo owó ojú ọ̀nà yẹn ti wọ iye tí èmi àti ẹ̀yin máa rà á.

Ẹ wá wo ọ̀nà tí ìrẹsì òkèèrè ń gbà. Ọkọ̀ ojú omi ń gbé e láti Thailand tàbí Íńdíà wá sí èbúté Kútọnu. Ní ọdún 2017 nìkan, ìrẹsì tí Bẹ̀nẹ̀ rà lọ́wọ́ Thailand ju mílíọ̀nù kan àbọ̀ tọ́ọ̀nù lọ, bẹ́ẹ̀ gbogbo èèyàn tó wà ní Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù mọ́kànlá lọ. Gbogbo ẹni tó mọ ọjà ló mọ̀ pé àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ kọ́ ló jẹ ìrẹsì yẹn tán. Láti ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n ti ń pín in sórí ọ̀kadà, wọ́n á to àpò lé àpò lẹ́yìn ọlọ́kadà, wọ́n á sì gba ojú ẹsẹ̀ inú igbó ní ìhà Ìgólò wọ Ìpínlẹ̀ Ògùn. Láti ọdún 2016 ni ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó ìrẹsì gba orí ilẹ̀ wọlé. Ohun tí òfin dè ń wọlé lójoojúmọ́, ohun tí òfin yọ̀ǹda ń jẹrà lójú ọ̀nà. Mo ń pe gbogbo wa kí a kọ èyí, kí a sì fi ìṣọ̀kan kọ̀ ọ́.

Àwọn wo ló ń jèrè nínú àìdọ́gba yìí?

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìmọ̀ ló fa gbogbo rẹ̀. Ìlànà iṣẹ́ àgbẹ̀ ti wà nílẹ̀ fún gbogbo agbègbè wa. Ìlú Accra ni àwọn olórí orílẹ̀-èdè ti fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní ọdún 2005, ECOWAP ni wọ́n pè é. Àjọ kan wà ní Lomé tó ń bójú tó ìmúṣẹ rẹ̀. Wọ́n ti dá àká oúnjẹ agbègbè sílẹ̀ fún ìgbà ìyàn. Kò sí ohun tó burú nínú ìwé wọ̀nyí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń mú èyí tó wù ú nínú àdéhùn náà, ó ń fi èyí tó kù sílẹ̀, àwọn alágbára sì ń jẹ èrè ibi tí wọn kò ti dọ́gba.

Ìrẹsì náà ni kí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí ECOWAS ń jíròrò owó ibodè kan náà tí gbogbo orílẹ̀-èdè yóò máa gbà lórí ọjà tó bá ti òde agbègbè wá, Nàìjíríà ló takú pé kí wọ́n fi ìpele karùn-ún kún un, láti fi dáàbò bo àgbẹ̀ àti iléeṣẹ́ wa. Wọ́n gbà fún un. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2015, ìpele márùn-ún ló ní: 0, 5, 10, 20 àti 35. Àmọ́ ìrẹsì tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa jù lọ, ìdá 10 ni wọ́n fi í sí, torí pé àwọn ìjọba tó ń fi ìrẹsì òkèèrè bọ́ ìlú ńláńlá wọn kò fẹ́ kó wọ́n. Nàìjíríà wá fi ìdá 60 mìíràn lé e lórí fúnra rẹ̀, ó di 70. Bẹ̀nẹ̀ dúró sí tirẹ̀ nísàlẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín iye méjèèjì yìí ni fàyàwọ́ ti ń jẹun. Aṣọ́bodè kò lè fi ìbọn dí i. Àdéhùn tí àwọn méjèèjì bá jọ ṣe tí wọ́n sì jọ pa mọ́ nìkan ló lè dí i.

Ẹ jẹ́ ká wá ka àwọn tó ń jèrè. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń rí owó lórí ọjà tó gba Kútọnu kọjá lọ sí Nàìjíríà, apá ńlá ni ó sì jẹ́ nínú owó tó ń wọlé fún un. Àwọn olówó tó ń kó ọkọ̀ ojú omi wọlé ń jèrè lórí àlàfo yẹn. Àwọn tó gba àṣẹ ìdáríjì owó ibodè ní Nàìjíríà ń jèrè, torí owó tí wọ́n ń san kò tó ìdá 70 tí ẹlòmíràn ń san. Àwọn tó na okùn sójú ọ̀nà ń jèrè lójoojúmọ́. Àgbẹ̀ tó ń gbin ìrẹsì Ọ̀fàdà kò sí nínú wọn, àgbẹ̀ ìrẹsì Kebbi kò sí níbẹ̀, ẹni tó gbin àgbàdo ní Kétu náà kò sí níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta yìí kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Wọ́n ń fi wọ́n bá ara wọn jà ni, kí wọ́n má baà wo ibi tí owó ń gbà.

Ohun kejì tó ń mú ẹsẹ̀ wa yàtọ̀ ni pé Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú àjọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó ń ná sẹ́fà ní àjọ tiwọn, UEMOA, wọ́n ti ń gba owó ibodè kan náà láti ọdún 2000, wọ́n sì ṣe ìlànà iṣẹ́ àgbẹ̀ tiwọn ní 2001, kí ECOWAS tó ṣe tirẹ̀. Nàìjíríà àti Ghana kò sí nínú àjọ yẹn. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ju ìdajì àwọn èèyàn ECOWAS lọ ló wà ní Nàìjíríà. Bí orílẹ̀-èdè tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ bá rú àdéhùn, kò sí ẹni tó ń pè é lẹ́jọ́. Àwọn kéékèèké rí èyí, àwọn náà wá ọ̀nà ẹ̀yìn tiwọn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ìyà yẹn gan-an la ń jẹ yìí.

Ohun tí ìtìpa ọdún 2019 fi hàn

Ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ ṣe tò tẹ̀ léra. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, Ààrẹ Muhammadu Buhari àti Ààrẹ Patrice Talon jọ ṣí ibùdó ibodè alájọlò ní Sẹ́mẹ̀-Kraké, kí ọkọ̀ lè máa ṣe gbogbo àyẹ̀wò rẹ̀ lójú kan. Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 2019, Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ gbogbo Áfíríkà ní Niamey. Kò tó oṣù méjì sí i, ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ, ìjọba kan náà ti ibodè orí ilẹ̀ pa. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, ọ̀gá àgbà àwọn aṣọ́bodè sọ ọ́ gbangba pé kò sí ọjà kankan tó lè wọlé tàbí jáde, yálà òfin gbà á tàbí kò gbà á.

Ní oṣù Kọkànlá, àṣẹ mìíràn jáde pé wọn kò gbọdọ̀ gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé epo kankan tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ibodè. Ará Ìdìrọ̀kọ́ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ará Ìlárá náà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń dìbò. Síbẹ̀, ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ kò rí epo rà nílùú ara rẹ̀, ọlọ́kọ̀ tó ń kó èrè oko kò rí epo rà. Ìyà fàyàwọ́ tí wọn kò ṣe ni wọ́n fi jẹ wọ́n. Ní òdì kejì, àwọn àgbẹ̀ ọ̀pẹ̀yìnbó ní agbègbè Allada tí Nàìjíríà jẹ́ ọjà wọn kò rí ẹni tà fún, tòmátò àwọn mìíràn sì jẹrà sóko.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí Sẹ́mẹ̀ padà, pẹ̀lú Illela, Maigatari àti Mfum. Ìdìrọ̀kọ́ dúró títí di oṣù Kẹrin ọdún 2022. Ẹ ka ọdún náà lórí ìka yín: ó lé ní ọdún méjì àbọ̀ tí ọ̀nà tó so Ògùn mọ́ Àjàṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ fi wà ní títì. Ṣé oúnjẹ dínwó? Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ọ̀wọ́n oúnjẹ ní Nàìjíríà jẹ́ ìdá 13.17 nínú 100. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ó ti di 19.56. Àrùn Kòrónà dá sí i, ìpániláyà lóko dá sí i, mi ò ní sẹ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè dìde sọ pé ìtìpa náà mú àwo oúnjẹ rọrùn fún tálákà.

Àwọn kan yóò sọ pé a gbọ́dọ̀ dáàbò bo àgbẹ̀ ìrẹsì wa. Òótọ́ ni, èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń gbin Ọ̀fàdà kò lè bá ìrẹsì tí ìjọba ilẹ̀ òkèèrè ràn lọ́wọ́ díje láìsí ààbò. Èbúté ni ààbò yẹn wà, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já ẹrù: kí Kútọnu, Èkó, Lomé àti Tema máa gba iye kan náà lórí ìrẹsì òkèèrè. Bí a bá ti ibodè mọ́ àgbàdo Kétu àti ọ̀pẹ̀yìnbó Allada, kí ni ìyẹn ṣe fún àgbẹ̀ ìrẹsì? Kò ṣe nǹkan kan fún un. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ààbò ni, pé ìbọn ń gba ibodè wọlé. Kí àwọn agbófinró wá ìbọn, kí wọ́n sì mú ẹni tó gbé e. Ìyá tó gbé tòmátò kò gbọdọ̀ jẹ ìyà rẹ̀.

Nàìjíríà nìkan kọ́

Ọ̀rọ̀ yìí kò dá lórí orílẹ̀-èdè kan. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024, Bẹ̀nẹ̀ fòfin de títa kajú tútù sókè òkun, ó ní kí wọ́n máa ṣe é nílé. Burkina Faso àti Mali fòfin de títa èso èmì sókè òkun lọ́dún kan náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Nàìjíríà ṣe irú rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Igbákejì Ààrẹ Kashim Shettima ṣàlàyé pé nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 èmì àgbáyé ló ń ti Nàìjíríà wá, àmọ́ pé èrè tí a ń rí níbẹ̀ kò tó nǹkan. Èrò náà dára: kí ilé-iṣẹ́ wà lọ́dọ̀ wa, kí òróró òrí máa ti ọ̀dọ̀ wa jáde. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó lè ra gbogbo èmì yẹn kò tíì tó. Àwọn obìnrin tó ń jí lọ ṣà á nínú igbó ní Òkè-Ògùn àti Kwara kó tiwọn dé ọjà, wọ́n bá iye rẹ̀ tó ti já lulẹ̀. Ká ní Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Burkina Faso àti Mali ti jókòó pọ̀ ṣáájú ni, wọn ì bá jọ dá iye kan lé e, wọn ì bá jọ pín ibi tí ilé-iṣẹ́ yóò wà, wọn ì bá fún àwọn obìnrin yẹn ní àkókò.

Ẹ wo kòkó. Côte d'Ivoire àti Ghana jọ ń pèsè ju ìdajì kòkó àgbáyé lọ. Ní ọdún 2019, wọ́n fọwọ́ sọ̀wọ́ pọ̀, wọ́n sọ fún àwọn olùrà pé kí wọ́n máa fi 400 dọ́là kún iye tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti àkókò ìkórè 2020 sí 2021, kí àgbẹ̀ lè rí jẹ. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Láti ọdún 1986 tí wọ́n ti tú ìgbìmọ̀ kòkó ká, àgbẹ̀ Ìdànrè àti Ilé-Olújì ń dá ná ọjà tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Nígbà tí iye kòkó sì fò kọjá 10,000 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan ní 2024, iye tí ìjọba Ghana dá fún àgbẹ̀ rẹ̀ kéré sí tòde, bẹ́ẹ̀ ni kòkó Ghana bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú ẹsẹ̀ lọ sí Tógò. Ní ibikíbi tí ìlànà bá yàtọ̀ síra, fàyàwọ́ á dé, àgbẹ̀ á sì pàdánù.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025, Mali, Burkina Faso àti Niger jáde kúrò nínú ECOWAS. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ màlúù, àlùbọ́sà àti ẹ̀wà tí à ń jẹ ní Èkó àti Ìbàdàn ti ń wá. ECOWAS sọ pé kí a ṣì máa gba ọjà àti èèyàn wọn bíi ti tẹ́lẹ̀ títí àdéhùn tuntun yóò fi wà. Bí a bá dákẹ́, àwọn tó ń na okùn sójú ọ̀nà ni yóò ṣe àdéhùn tuntun yẹn fún wa.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá jù

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìlà tó pín ilẹ̀ wa sí méjì. Kétu bọ́ sápá kan, Ìmẹ̀kọ bọ́ sápá kejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fi ìwádìí hàn wá ohun tí ìlà yẹn ṣe sí àwọn èèyàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Títí di òní, ẹbí kan náà ń sin òkú pọ̀, wọ́n ń fẹ́ra, wọ́n ń bá ara wọn jà lórí ilẹ̀ oko, wọ́n sì ń parí rẹ̀ ní èdè kan náà. Kò sí ẹ̀yà tó tún ní ìdí tó tó tiwa láti béèrè pé kí òfin ọjà oúnjẹ ṣiṣẹ́ dọ́gba lápá méjèèjì. Kò sì sí ẹni tó lè tètè kó ẹgbẹ́ jọ lápá méjèèjì bíi tiwa.

Owó wa náà sì wà nínú rẹ̀. Ìdá 0.5 nínú 100 lórí ọjà tó bá ti òde agbègbè wọlé ni owó tí wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ECOWAS. Orí ọjà ni wọ́n ń fi í lé, àwa tó ń ra ọjà ló sì ń san án. Ẹni tó bá ń sanwó ilé ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìdí tí òrùlé fi ń jò.

Ohun tí a gbọ́dọ̀ béèrè

Ẹ jẹ́ kí ohùn wa ṣọ̀kan lórí nǹkan márùn-ún.

Èkíní: kí wọ́n kọ àkójọ oúnjẹ tí kò gbọdọ̀ san owó ibodè sára pátákó gbàgàdà ní ibodè kọ̀ọ̀kan, ní Yorùbá, Hausa, Gùn, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Owó tí kò bá ní rìsíìtì, kí gbígbà rẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń fìyà jẹ ẹni tó bá gbà á.

Èkejì: kí Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Ghana jókòó, kí wọ́n jọ dá owó ibodè kan ṣoṣo lé ìrẹsì òkèèrè, kí wọ́n sì máa gbà á ní èbúté. Láìsí èyí, ẹjọ́ fàyàwọ́ kò ní tán láéláé.

Ẹ̀kẹta: kí orílẹ̀-èdè kankan má tún ti ibodè mọ́ oúnjẹ láìkọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ECOWAS, láìsọ ọjọ́ tí yóò parí, àti láìsí ètò fún àgbẹ̀ tí ọjà rẹ̀ yóò bàjẹ́.

Ẹ̀kẹrin: kí ìjọba mú ìlérí Maputo ọdún 2003 ṣẹ, èyí tí wọ́n tún sọ ní Malabo ní 2014: ìdá 10 nínú 100 ètò ìṣúná fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kò tíì dé ibẹ̀ rí. Àgbẹ̀ tí kò ní ọ̀nà tó dára, àká àti omi kò lè jèrè ibodè tó ṣí.

Ẹ̀karùn-ún: kí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gbin kòkó, kajú àti èmì máa jọ ṣe òfin wọn, kí wọ́n tó fòfin de ohunkóhun.

Iṣẹ́ olúkúlùkù wa

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kò sí ẹni tí kò ní nǹkan ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti ẹ̀yin awakọ̀, ìwé àkọsílẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ra ìwé kan, kí akọ̀wé wọn máa kọ ọ́ sínú rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọjà: ibi tí wọ́n ti dá ọkọ̀ dúró, irú aṣọ tí ẹni náà wọ̀, ọjà tó wà nínú ọkọ̀, iye tí wọ́n gbà àti wákàtí tó fi dúró. Ẹ má kọ orúkọ ẹni tó sanwó, kí wọ́n má baà dájú sọ ọ́. Ìráhùn kò ṣeé gbé dé ilé-ẹjọ́. Ìwé tí a fi oṣù mẹ́fà kọ ni yóò sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ àgbẹ̀ lápá méjèèjì, ẹ wá ara yín rí. Kí àgbẹ̀ àgbàdo Kétu àti ti Ìmẹ̀kọ jókòó pọ̀ kí òjò tó dé, kí ẹ mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fẹ́ gbìn àti iye tí ẹ fẹ́ tà á. Ẹ má jẹ́ kí oníṣòwò ńlá máa fi iye ibí gbá ti ọ̀hún, kó sì máa fi ti ọ̀hún gbá ti ibí.

Ẹ̀yin agbẹjọ́rò ọmọ wa, láti ọdún 2005 ni ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ tààrà lọ sí Ilé-ẹjọ́ ECOWAS ní Àbújá, láìkọ́kọ́ parí rẹ̀ nílé-ẹjọ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ẹ gba ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ìyá wa, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì bá wọn gbé ẹjọ́ tó bá dúró lẹ́sẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin gómìnà Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Kwara, ìpínlẹ̀ yín fara kan Bẹ̀nẹ̀. Òótọ́ ni pé ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni ibodè wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ni ọ̀nà oko, ọjà àti àká wà. Ẹ pe àwọn aláṣẹ Plateau, Ouémé àti Collines ní Bẹ̀nẹ̀ jókòó. Ẹ kọ́ ọjà àti àká tí apá méjèèjì yóò jọ máa lò.

Ẹ̀yin aṣòfin, àga 35 ni Nàìjíríà ní nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ECOWAS, Bẹ̀nẹ̀ ní 5, Tógò ní 5. Kí àwọn tó ń ṣojú wa níbẹ̀ wá sọ fún wa ohun tí wọ́n ti sọ nípa ọjà oúnjẹ. Ìdìbò ọdún 2027 ni kí olùdìbò béèrè ìbéèrè yìí lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá wá fọwọ́ gbá àwa ará ibodè léjìká.

Ẹ̀yin ọba wa, Alákétu, Onímẹ̀kọ, Onísábẹ̀ẹ́, Aláàfin, àti gbogbo orí adé tí ilẹ̀ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà yẹn, kábíyèsí o. Ẹ̀yin lẹ lè pe apá méjèèjì jọ lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n sì jẹ́ yín.

Ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, ẹ ka òfin 1979 fún àwọn èèyàn wa ní èdè wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí kò mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń rẹ́ jẹ jù.

Ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ni wọ́n dá ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1975. Mo ń pè yín pé kí a fi ọjọ́ yẹn ṣe ọjọ́ iṣẹ́ wa lọ́dọọdún. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí ẹgbẹ́ ọjà àti ẹgbẹ́ àgbẹ̀ láti Àgbádárìgì dé Ṣakí, láti Àjàṣẹ́ dé Sábẹ̀ẹ́, kó ìwé àkọsílẹ̀ wọn àti ohun márùn-ún tí a ń béèrè lọ fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wọn, fún ọ́fíìsì ìjọba agbègbè wọn ní Bẹ̀nẹ̀, àti fún ECOWAS ní Àbújá. Kí gbogbo wọn gba àmì òǹtẹ̀ pé wọ́n ti gbà á. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, kí a padà lọ béèrè èsì. Bí èsì kò bá sí, ilé-ẹjọ́ ló kàn.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ogójì ọdún ti tó fún ìdákẹ́jẹ́. Ẹ ra ìwé náà ní ọjà tó ń bọ̀, kí ẹ sì kọ ojú ewé àkọ́kọ́.